Òjò dídì lókè, ilẹ̀ nísàlẹ̀: ta ló ń wọn omi tó ń bọ̀?

  

Lónìí, a máa kúrò nínú ooru díẹ̀. A ń lọ sí ibi tí òtútù ti máa ń mú débi pé omi á dì, ilẹ̀ pàápàá á le bíi kọnkéré.

Mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú yín ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ní Winnipeg, Calgary, Minneapolis tàbí Denver. Tó bá ti di oṣù Kejìlá, irú fídíò kan náà ni wọ́n máa ń fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹbí: ọkọ̀ wọn ti rì sínú nǹkan funfun, ṣọ́bìrì wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń ráhùn. Bíbélì Yorùbá pe nǹkan funfun yẹn ní òjò dídì. Àwọn ará wa tó wà lọ́hùn-ún ń pè é ní snow. Kì í ṣe yìnyín tí àwa mọ̀ níbí, èyí tó máa ń han páànù léèmọ̀. Òjò dídì kì í pariwo. Ó máa ń rọra bọ́ sílẹ̀ bí òwú ni.

Gbogbo wa la ti wo fídíò yẹn, tí a fi ẹ̀rín sí i, tí a kọjá lọ. Ìbéèrè kan wà níbẹ̀ tí a kì í béèrè. Nígbà tí oòrùn bá padà, tí gbogbo nǹkan funfun yẹn bá yọ́, ibo ni omi rẹ̀ ń lọ?

Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ìbéèrè yẹn ló ń gbé wọn jáde nílé láago méje àárọ̀, nínú òtútù. Wọn kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba. Olùkọ́ wà nínú wọn, àgbẹ̀ wà níbẹ̀, nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, àwọn tó ti fẹ̀yìn tì náà wà níbẹ̀. Wọ́n ní ibùdó kékeré tí wọ́n fi ń wọn ojú ọjọ́ ní ẹ̀yìnkùlé wọn. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú kúrò nínú ètò òní kò ju ẹyọ kan lọ: ẹni tó wọn òjò dídì tí kò wọn ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀, ìdajì ìtàn ló ní lọ́wọ́. Ìdajì ìtàn yẹn sì ti kó odindi ìlú síyọnu rí.

Ẹ̀rọ tó ń sọ pé òjò ń rọ̀ nígbà tí oòrùn ń ràn

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ẹ̀rọ náà. Ibùdó ojú ọjọ́ tí èèyàn ń rà sílé kì í ṣe nǹkan ńlá. Òpó kan ni, ẹ̀rọ tó ń wọn ooru àti òtútù wà lára rẹ̀, èyí tó ń wọn atẹ́gùn ń yí lókè, agolo tó ń gba òjò sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. WiFi ló ń gbé gbogbo ohun tó bá rí wá sórí fóònù.

Nínú agolo òjò yẹn, abọ́ kékeré méjì ló so pọ̀. Bí omi bá kún ọ̀kan, á dojú dé, èkejì á bọ́ sípò rẹ̀. Iye ìgbà tí wọ́n bá dojú dé ni ẹ̀rọ náà ń kà, ìyẹn ló sì ń sọ di mìlímítà òjò.

Tó bá jẹ́ òjò lásán, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Àmọ́ tí òjò dídì bá bọ́ sínú rẹ̀, á kàn jókòó síbẹ̀ ni. Abọ́ kò mì, fóònù á sọ pé òjò kò rọ̀ rárá, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ ti funfun títí dé orókún. Lọ́jọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, oòrùn á yọ, òjò dídì inú agolo á yọ́, abọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í dojú dé. Fóònù á wá sọ pé òjò ń rọ̀, lójú ọ̀run tó mọ́ kedere! Àwọn ẹ̀rọ kan wà tó ń fi iná gbóná ara wọn láti yẹra fún èyí, àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú ti ilé kò ní in.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà òtútù, ọwọ́ èèyàn ló ń ṣiṣẹ́ yìí.

Pákó, rúlà àti ìkòkò omi gbígbóná

Pákó pẹlẹbẹ kan ni wọ́n ń kọ́kọ́ wá. Wọ́n á kùn ún ní ọ̀dà funfun kí oòrùn má bàa mú un gbóná, wọ́n á sì gbé e kalẹ̀ síbi tí igi tàbí ilé kò ti bò ó. Láàárọ̀, wọ́n á ki rúlà bọ òjò dídì tó wà lórí pákó, wọ́n á ka iye rẹ̀ dé ìdá mẹ́wàá ínṣì kan, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n á wá gbá pákó náà mọ́, kí ti ọ̀la lè bá a lófìfo.

Iṣẹ́ kò tíì parí. Gíga òjò dídì kì í sọ iye omi tó wà nínú rẹ̀. Ẹ ronú àpò òwú méjì tó rí bákan náà, tí ọ̀kan gbẹ, tí èkejì ti mu omi yó. Lójú, ọgbọọgba ni wọ́n. Ẹ gbé wọn wò ná! Bí òjò dídì ṣe rí nìyẹn. Òṣùwọ̀n tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò ni pé ínṣì 10 òjò dídì á fún wa ní nǹkan bí ínṣì 1 omi. Àmọ́ tí òtútù bá mú gan-an, tí òjò dídì náà fúyẹ́, ó lè gba ínṣì 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ínṣì kan omi tó jáde. Tó bá sì tutù rìnrìn, ínṣì 5 péré ti tó.

Nítorí náà, wọ́n tún ní agolo gígùn kan, oníke, tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó ínṣì 4. Nígbà òtútù, wọ́n á yọ àrọ ẹnu rẹ̀ àti ọ̀pá tín-ín-rín inú rẹ̀ kúrò, kí òjò dídì lè bọ́ wọlé tààrà. Láàárọ̀, wọ́n á gbé e wọlé, wọ́n á wọn omi gbígbóná díẹ̀, wọ́n á dà á sí i kí ohun tó dì lè yọ́. Wọ́n á wá wọn gbogbo rẹ̀, wọ́n á yọ iye omi gbígbóná tí wọ́n dà sí i kúrò. Ohun tó ṣẹ́ kù ni omi tó ti ọ̀run wá.

Ẹni tó sọ ọgbọ́n yìí di iṣẹ́ gidi ní Amẹ́ríkà, ẹ kò ní gbà gbọ́, olùkọ́ èdè Látìn ni. James Church ni orúkọ rẹ̀, Yunifásítì Nevada ní ìlú Reno ló ti ń kọ́ni. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1900, ó ń gun òkè Mount Rose nígbà òtútù. Ó máa ń ki ọ̀pá irin tó níhò nínú bọ inú òjò dídì títí á fi kan ilẹ̀, á fà á jáde, á gbé e sórí òṣùwọ̀n. Ìwúwo rẹ̀ ló fi ń mọ iye omi tó wà lórí òkè, òun ló sì fi ń sọ bí adágún Tahoe ṣe máa kún tó tó bá di ìgbà ìrúwé. Nígbà yẹn, ìjà ńlá wà lórí omi adágún náà, láàárín àwọn tó kọ́lé sí etí rẹ̀ àtàwọn tó nílò omi nísàlẹ̀. Ọ̀pá olùkọ́ Látìn yẹn, irú rẹ̀ ni wọ́n ṣì ń lò lórí òkè títí dòní.

Ilẹ̀ tó dì máa ń ṣe bí ilẹ̀ tó gbẹ

Ó yá, ẹ jẹ́ ká sọ̀kalẹ̀ sínú ilẹ̀.

Ẹ̀rọ tó ń wọn ọ̀rinrin ilẹ̀ dà bí fọ́ọ̀kì. Wọ́n á gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n á rì í mọ́lẹ̀. Níbi tí ìjọba Amẹ́ríkà ti ń wọn òjò dídì lórí àwọn òkè, ínṣì 2, 8 àti 20 sísàlẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń rì í sí, kí wọ́n lè mọ ibi tí omi wọ̀ dé. Ọ̀pọ̀ irú ẹ̀rọ yìí máa ń lo iná mànàmáná láti yẹ ilẹ̀ wò. Omi máa ń dá iná yẹn lóhùn gidigidi. Òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ìdáhùn yẹn sún mọ́ 80 fún omi, ti ilẹ̀ gbígbẹ kì í ju bíi 3 sí 5 lọ. Nítorí náà, bí ìdáhùn bá ṣe pọ̀ tó ni omi ṣe pọ̀ tó.

Tí omi inú ilẹ̀ bá wá dì ńkọ́? Ìdáhùn rẹ̀ á já wálẹ̀ sí bíi 3, á wá dà bíi ti ilẹ̀ gbígbẹ. Ẹ fojú inú wò ó. Ẹ ń wo fóònù yín nínú oṣù Kìíní, ìlà ọ̀rinrin ilẹ̀ já lulẹ̀ láàárín ọjọ́ méjì, bí ẹni pé ọ̀dá ti dé. Lóṣù Kẹta, ìlà kan náà fò sókè láìsí ẹ̀kán òjò kan. Omi kò lọ síbì kankan. Ibẹ̀ ló wà, ó kàn dì ni.

Ìdí nìyẹn tí ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí kì í rì ẹ̀rọ ọ̀rinrin nìkan. Á rì ẹ̀rọ tó ń wọn ooru ilẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Tí ooru ilẹ̀ bá ti wà ní òdo tàbí kó dín sí i, á mọ̀ pé nọ́ńbà ọ̀rinrin kì í ṣe ti gbogbo omi mọ́. Nọ́ńbà tó yẹ kó di mú gírígírí ni èyí tó kà kẹ́yìn kí ilẹ̀ tó dì, ní ìparí ìgbà ìwọ́wé. Nọ́ńbà yẹn ló máa sọ bóyá ilẹ̀ ń gbẹ òùngbẹ tàbí ó ti yó.

Òjò àkọ́rọ̀ àti òjò àrọ̀kúrò

Kí ló dé tí ó fi ṣe pàtàkì? Àwọn baba wa tó jẹ́ àgbẹ̀ ti mọ ìdáhùn. Òjò àkọ́rọ̀ tó kọ́kọ́ rọ̀ lẹ́yìn ọ̀gbẹlẹ̀, ilẹ̀ ló máa ń mu ún. Ẹ ó rí i pé òjò rọ̀ lálẹ́, tó bá di ọ̀sán ọjọ́ kejì eruku ti ń sọ. Ti àrọ̀kúrò kò rí bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ ti mu, ó ti yó. Èyí tó bá rọ̀ lé e, inú odò ló ń gbà lọ. Òjò kan náà lè jẹ́ ìtura lóṣù Kẹta, kó sì di omíyalé lóṣù Kẹwàá.

Òjò dídì náà kò yàtọ̀. Ẹ gbọ́ ìtàn méjì.

Àkọ́kọ́ ni ti odò Colorado, ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà. Nǹkan bí 40 mílíọ̀nù èèyàn ló gbẹ́kẹ̀ lé omi rẹ̀, àti ọ̀pọ̀ oko. Òjò dídì orí àwọn òkè ló ń bọ́ odò náà. Ní ìgbà òtútù 2020 sí 2021, òjò dídì tó kó jọ ní apá òkè odò náà dín díẹ̀ sí ti àtẹ̀yìnwá, kò burú jù. Ẹni tó bá wo òkè nìkan á ní kí ọkàn òun balẹ̀. Àmọ́ ooru àti ọ̀dá ọdún 2020 ti mú kí ilẹ̀ gbẹ kanrin kí òtútù tó dé. Nígbà tí òjò dídì yọ́, ilẹ̀ ló kọ́kọ́ fẹnu gba omi. Láti oṣù Kẹrin sí oṣù Keje 2021, omi tó wọ inú adágún Powell kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta iye tó sábà máa ń wọ ibẹ̀. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹjọ ọdún yẹn, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kéde àìtó omi lórí odò Colorado fún ìgbà àkọ́kọ́, ìpín Arizona, Nevada àti Mexico sì dín kù láti ọdún 2022. Àwọn àgbẹ̀ Arizona ló kọ́kọ́ jẹ ìyà rẹ̀.

Àwa máa ń sọ pé omi tí èèyàn máa mu kò ní ṣàn kọjá rẹ̀. Lóòótọ́ ni, kò ṣàn kọjá wọn. Ilẹ̀ ló mu ún kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ìtàn kejì ni ti Red River, odò tó wà láàárín North Dakota àti Minnesota, tó ń ṣàn lọ sí àríwá títí tó fi dé Winnipeg ní Kánádà. Ní ìgbà ìwọ́wé 1996, òjò ti rọ̀ púpọ̀, ilẹ̀ ti yó kó tó dì. Lẹ́yìn náà ni ìjì òjò dídì ńlá mẹ́jọ jà ní ìgbà òtútù kan ṣoṣo, èyí tó kẹ́yìn nínú oṣù Kẹrin 1997. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Ilẹ̀ yó, ilẹ̀ dì, òjò dídì pọ̀ lórí rẹ̀: kò sí ibi tí omi fẹ́ gbà àfi inú odò.

Àwọn aláṣẹ ojú ọjọ́ sọ fún ìlú Grand Forks pé odò máa ga dé ẹsẹ̀ bàtà 49. Àwọn ará ìlú, tọmọdé tàgbà, di yanrìn sínú àpò, wọ́n fi mọ odi. Odò náà dé ẹsẹ̀ bàtà 54.35. Odi wó, nǹkan bí 50,000 èèyàn sá kúrò nílé, iná tún sọ láàárín ìlú tí omi ti bò, ilé 11 jóná. Ọ̀pọ̀ nǹkan ló para pọ̀ fa àṣìṣe inú àsọtẹ́lẹ̀ yẹn o, kì í ṣe ilẹ̀ nìkan. Àmọ́ ilẹ̀ tó ti yó láti ìgbà ìwọ́wé wà lára ohun tó jẹ́ kí omi náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ìlú méjì, òjò dídì méjì. Ọ̀kan retí omi, kò rí i. Èkejì retí omi díẹ̀, tirẹ̀ dé bíi kìnnìún.

Bùláńkẹ́ẹ̀tì funfun

Ohun kan tún wà tó máa ń ya èèyàn lẹ́nu. Òjò dídì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́, atẹ́gùn ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Nítorí náà, bùláńkẹ́ẹ̀tì ló jẹ́ fún ilẹ̀. Tí èyí tó nípọn bá tètè bo ilẹ̀ kí òtútù tó le, ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ lè má dì jinlẹ̀ rárá, bí ìta tilẹ̀ tutù dé òdì 20. Tó bá di ìgbà ìrúwé, irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ á lè mu omi. Àmọ́ tí òtútù bá kọ́kọ́ dé sórí ilẹ̀ tó wà níhòòhò, tí òjò dídì wá bọ́ lé e lẹ́yìn náà, orí kọnkéré ni omi máa yọ́ sí.

Ẹ wá rí i pé ọjọ́ tí òjò dídì bọ́ ṣe pàtàkì bí iye rẹ̀. Ẹni tó ń jáde lójoojúmọ́ nìkan ló lè mọ ìyẹn.

Ṣé sátẹ́láìtì kò tó ni?

Ẹnì kan á sọ pé, sátẹ́láìtì kúkú wà lókè, kí la tún ń fi rúlà ṣe? Sátẹ́láìtì wà lóòótọ́. Èyí tí NASA fi ránṣẹ́ lóṣù Kìíní 2015 láti wọn ọ̀rinrin ilẹ̀, tí wọ́n ń pè ní SMAP, nǹkan bíi sẹ̀ntímítà 5 òkè ilẹ̀ ló ń rí. Ibi tí gbòǹgbò wà jìn ju ìyẹn lọ. Agbègbè ńlá ló sì ń wò lẹ́ẹ̀kan náà. Kò lè sọ ohun tó wà lẹ́yìn ilé ẹnikẹ́ni.

Àti pé òjò kì í pín dọ́gba. Ní ọjọ́ 28 oṣù Keje 1997, òjò ńlá rọ̀ sí Fort Collins ní Colorado. Ó lé ní ínṣì 10 ní apá kan ìlú, kò ju bí ínṣì 2 lọ ní apá kejì. Èèyàn márùn-ún kú. Àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Colorado rí i pé ẹ̀rọ díẹ̀ tó wà kò lè rí irú nǹkan báyìí. Ọdún kejì, 1998, wọ́n ní kí àwọn ará ìlú gbé agolo sí ẹ̀yìnkùlé. Bí ẹgbẹ́ CoCoRaHS ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó ti wà ní gbogbo ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà báyìí. Lẹ́yìn omíyalé ọdún 2011 ní Manitoba, ó wọ Kánádà, láti agbègbè Winnipeg yẹn náà.

Ohun tó wù mí jù nínú iṣẹ́ wọn ni òdo. Lọ́jọ́ tí nǹkan kan kò bọ́, wọ́n ṣì ń jáde, wọ́n ṣì ń kọ ọ́ pé òdo. Torí tí ẹ kò bá kọ nǹkan kan, ẹni tó ń ka dátà kò lè mọ̀ bóyá òjò kò rọ̀ ni tàbí ẹ sùn gbàgbé. Òdo kì í ṣe òfìfo. Ẹ̀rí ni pé ẹnì kan wo ibẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá ní ẹbí lọ́hùn-ún, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sí wọn. Ẹ sọ fún wọn pé ṣọ́bìrì tí wọ́n ń mú jáde láàárọ̀, kí wọ́n mú rúlà mọ́ ọn. Ẹni tí kò lágbára ẹ̀rọ inú ilẹ̀ náà ní ọ̀nà: kí ó gbẹ́ erùpẹ̀ díẹ̀ kí ilẹ̀ tó dì, kó wọ̀n ọ́n, kó gbẹ ẹ́ nínú ààrò, kó tún un wọ̀n. Ohun tó bá dín kù, omi nìyẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé níbí náà, ẹ kò gbọ́dọ̀ rò pé kò kàn yín. Ike kan tó dúró ṣánṣán, tí ẹnu àti ìdí rẹ̀ fẹ̀ dọ́gba, pẹ̀lú rúlà ọmọ iléèwé, ti tó láti wọn òjò ní mìlímítà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti òjò àkọ́rọ̀. Ẹ máa kọ ọ́ lójoojúmọ́, ẹ máa kọ òdo pẹ̀lú. Tó bá fi máa di àrọ̀kúrò, ẹ̀yin lẹ máa mọ̀, ju ẹnikẹ́ni lọ ní àdúgbò yín, bóyá ilẹ̀ ti yó.

Ibi tí a ti máa dúró lónìí nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n, ẹ fi nọ́ńbà àkọ́kọ́ yín ránṣẹ́ sí wa, bó jẹ́ òdo. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ máa ṣọ́ra yín o.